Ṣé Ìkórìíra Ni Kíkọ̀?

    

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá nírọ̀lẹ́ òní gbóná, a kì í sì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Bí ọmọdé bá wà nítòsí, ẹ má wulẹ̀ lé e jáde. Kò sí ọ̀rọ̀ rírùn kankan nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ìbéèrè náà rèé. Bí èèyàn bá ní òun kò fara mọ́ ọn kí ọkùnrin àti ọkùnrin ṣègbéyàwó, tàbí kí obìnrin àti obìnrin ṣe é, ṣé ó kórìíra wọn nìyẹn? Ṣé ìkórìíra ni kíkọ̀?

Ẹ lè bi mí pé, kí ló kan àwa tí a jókòó sí Bìní nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ó kàn wá dáadáa. Mélòó ni ilé tó wà nílùú yìí tí kò ní ọmọ tàbí ìbátan ní Ítálì? Láti ọdún 2016 ni òfin Ítálì ti gba ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì láàyè láti forúkọ ìbágbépọ̀ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ní England, láti oṣù kẹta ọdún 2014 ni wọ́n ti ń so wọ́n pọ̀ gẹ́gẹ́ bíi tọkọtaya. Ọmọ wa wà lọ́hùn-ún, ó ń bá irú wọn ṣiṣẹ́, ó ń bá wọn gbé ilé kan náà. Á wá fi ohùn ránṣẹ́ sílé lórí WhatsApp: "Màmá, ọ̀rọ̀ tí pásítọ̀ yín sọ lọ́jọ́ Sunday yẹn, ìkórìíra ni o." Màmá á ní, "Ìkórìíra kẹ̀? Èwo ni mo nà nínú wọn?" Ìjà dé nìyẹn. Oṣù méjì, wọn ò ní pe ara wọn mọ́.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ọmọ, ká sì gbọ́ ti ìyá.

Kí ni ọmọ rí tó fi pè é ní ìkórìíra? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn obìnrin kan fún yín. Edith Windsor lorúkọ rẹ̀, New York ló ń gbé. Òun àti obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Thea Spyer, jọ wà fún ohun tó lé ní 40 ọdún. Àìsàn sọ Thea di ẹni tí kò lè rìn mọ́, Edith ló ń tọ́jú rẹ̀. Ní 2007 wọ́n lọ ṣègbéyàwó ní Toronto, ní Kánádà. Ní 2009 Thea kú. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní àwọn ò mọ ìyàwó, àwọn ò mọ ọkọ. Wọ́n gba owó orí tó lé ní 363,000 dọ́là lórí ogún tí olóògbé fi sílẹ̀ fún un. Ká ní ọkọ ló kú fún un ni, kò ní san kọ́bọ̀ nínú owó yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí opó tí àwọn ará ilé ọkọ lé jáde kí ilẹ̀ sàréè tó gbẹ, ẹ mọ bí nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí lára. Windsor gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́, ó sì jàre ní 2013. Adájọ́ Anthony Kennedy, tó kọ ìdájọ́ náà, ní òfin tó ṣe é báyìí, wọ́n ṣe é láti fi rẹ àwọn èèyàn kan sílẹ̀ ni. Ohun tí ọmọ wa ní Ítálì ń wò nìyẹn. Bó bá gbọ́ "a ò fẹ́," opó tí wọ́n gba ogún lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń rí.

Ó dáa. Ìyá ńkọ́? Kí ni ìyá ní lọ́kàn tó fi ní òun ò fẹ́?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹlòmíì, Bíbélì ló gbá mú, ẹlòmíì, Kùránì. Ẹlòmíì ò ka ìwé kankan. Ohun tó mọ̀ ni pé nílé baba òun, ìdílé méjì ló ń fẹ́ra wọn, pé ọmọ ni wọ́n ń retí, pé orúkọ ìdílé ò gbọdọ̀ parẹ́. Ẹlòmíì kàn wà tí kò fẹ́ kí ìjọba fọwọ́ kan ohun tí òun bá láyé. Èmi ò wá síbí láti sọ fún yín pé èyí tọ̀nà, èyí kò tọ̀nà. Ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ní mọ́ṣáláṣí, ẹ ní àgbà nílé. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí ìkankan nínú àwọn ìdí wọ̀nyí tó jẹ́ dandan kí èèyàn kọ́kọ́ kórìíra ẹnìkan kó tó gbà á gbọ́.

Bẹ́ ẹ bá rò pé mo ń gbè sẹ́yìn ìyá, ẹ padà sọ́dọ̀ Adájọ́ Kennedy yẹn kan náà. Ní oṣù kẹfà 2015, òun ló tún kọ ìdájọ́ tó sọ irú ìgbéyàwó yìí di ohun tó bófin mu káàkiri Amẹ́ríkà. Nínú ìwé ìdájọ́ yẹn gan-an ló ti sọ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó kà á sí àìtọ́, orí ìgbàgbọ́ àti èrò tó ní ọ̀wọ̀ ni wọ́n dúró lé, pé ilé ẹjọ́ ò sì wá láti tàbùkù wọn. Ẹ gbọ́ ọ o. Ẹni tó dá àwọn ọmọ láre ló ní kí wọ́n má bú ìyá.

Ọ̀kan tún wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ, ẹjọ́ kéèkì. Ní Belfast, ní Northern Ireland, ìdílé onígbàgbọ́ kan ní ilé búrẹ́dì tí wọ́n ń pè ní Ashers. Ní 2014, ọkùnrin kan tó jẹ́ ọkùnrin ló ń fẹ́ wá bá wọn, ó ní kí wọ́n ṣe kéèkì fún òun, kí wọ́n sì kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé ká ti irú ìgbéyàwó yìí lẹ́yìn. Wọ́n gba owó rẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n dá owó padà, wọ́n ní ẹ̀rí ọkàn àwọn ò lè gbé e. Ọ̀rọ̀ di ẹjọ́. Wọ́n jẹ̀bi ní kóòtù àkọ́kọ́, wọ́n tún jẹ̀bi ní ti kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Oṣù kẹwàá 2018 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Britain wá dá wọn láre, gbogbo adájọ́ tó jókòó ni ohùn wọn ṣọ̀kan. Kí nìdí? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ orí kéèkì ni wọ́n kọ̀, wọn ò kọ ọkùnrin tó wá rà á. Ká ní ẹni tó níyàwó sílé ló wá béèrè irú kéèkì yẹn, wọn ò ní ṣe é fún òun náà.

Ṣùgbọ́n Lady Hale, tó kọ ìdájọ́ náà, fi gbólóhùn kan há a láàárín. Ó ní ká máa kọ̀ láti tajà fún èèyàn nítorí irú ẹni tó jẹ́, ìtìjú ńlá ni, ó sì ń tẹ iyì ọmọ èèyàn mọ́lẹ̀. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Ashers ò rí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi jàre.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò. Kíkọ̀ lọ́tọ̀, ìkórìíra lọ́tọ̀. Èèyàn lè kọ nǹkan kó má kórìíra ẹni tó fẹ́ nǹkan náà.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti ń mi orí báyìí. Ẹ dúró ná, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Kì í ṣe Belfast là ń gbé. Nàìjíríà ni. Àwa náà kọ̀, ó dáa. Kí la wá fi kíkọ̀ tiwa ṣe?

Ní 2006 ni Bayo Ojo, mínísítà ètò ìdájọ́ lásìkò ìjọba Obasanjo, kọ́kọ́ gbé àbá òfin kan jáde láti fòfin de ìgbéyàwó ọkùnrin sọ́kùnrin àti obìnrin sóbìnrin. Ta ló ti béèrè fún un nígbà náà? Ẹ ronú wò. Ní 2004, ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá kan, Bisi Alimi, jókòó síwájú Funmi Iyanda lórí tẹlifíṣọ̀n NTA, ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé ọkùnrin ni òun ń fẹ́. Kò bẹ ìjọba pé kí wọ́n so òun àti ẹnikẹ́ni pọ̀. Irú ẹni tí òun jẹ́ ló sọ. Ìhàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọlù ú nílé, nígbà tó di 2007 ó sá lọ sí London. Ẹ rí i pé kò sí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń kan ìlẹ̀kùn ìgbéyàwó nígbà tí a sáré wá àgádágodo.

Àbá yẹn sùn, ó tún jí. Àwọn sẹ́nétọ̀ fọwọ́ sí i ní 2011, Ilé Aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí i ní 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan sì buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní 2014. Kí ló wà nínú rẹ̀? Ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó yìí, ẹ̀wọ̀n 14 ọdún. Ìgbéyàwó nìyẹn, ó yé wa. Àmọ́ òfin náà ò dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí tó ń bá ẹgbẹ́ náà ṣe, 10 ọdún. Ẹni tó bá ti ìpàdé wọn lẹ́yìn, 10 ọdún. Ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn níta gbangba, 10 ọdún. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìpàdé fi jọ ìgbéyàwó? Àwọn èèyàn jókòó, wọ́n ń sọ ìṣòro wọn, ìyàwó dà níbẹ̀?

Òfin míì sì ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó fi ẹ̀wọ̀n 14 ọdún sílẹ̀ fún ọkùnrin tó bá bá ọkùnrin sùn. Àwọn amúnisìn ló kọ ọ́ síwèé fún wa, láti 1916. England fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa tirẹ̀ rẹ́ ní 1967. Ẹ̀rín máa ń pa mí bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń pe ìwé yẹn ní àṣà ìbílẹ̀ wa. Àṣà wa lè má fọwọ́ sí ohun tí ìwé náà kọ̀, ṣùgbọ́n àwọn bàbá ńlá wa kọ́ ló kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sítòsí. Ẹ gba Sapele Road jáde ní Bìní, ẹ kọjá Ologbo, ẹ kọjá Sapele, ẹ ó dé Effurun. Ekpan ò jìnnà síbẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹjọ 2023, àwọn ọlọ́pàá ya wọ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ekpan lóru, wọ́n kó èèyàn tó lé ní 60, wọ́n ní ìgbéyàwó ọkùnrin sọ́kùnrin ni wọ́n wá ṣe níbẹ̀. Kí adájọ́ kankan tó gbọ́ tẹnu wọn, wọ́n ti tò wọ́n síwájú oníròyìn, wọ́n ń gbé ojú wọn jáde lórí Facebook bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ní ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò tíì jẹ̀bi títí ilé ẹjọ́ á fi dá a lẹ́bi. Ojú tí gbogbo ayé ti rí ńkọ́? Bí ilé ẹjọ́ bá ní kò jẹ̀bi lọ́la, ta ni yóò lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ta ni yóò lọ sọ́dọ̀ onílé rẹ̀, láti lọ ṣàlàyé?

Kí ẹ má sì rò pé ìbéèrè lásán ni mò ń bi. Ní 2018, ọlọ́pàá kó ọkùnrin 57 ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Egbeda, ní Èkó. Àwọn ọkùnrin náà ní ọjọ́ ìbí làwọn wá bá èèyàn ṣe. Ọlọ́pàá gbé 47 lára wọn lọ sílé ẹjọ́ pé wọ́n fi ìfẹ́ hàn síra wọn ní gbangba. Wọ́n fà á, wọ́n fà á. Àwọn tó pe ẹjọ́ ò rí ẹlẹ́rìí mú wá. Nígbà tó di oṣù kẹwàá 2020, adájọ́ gbá ẹjọ́ náà dànù. Ó lé ní ọdún méjì tí wọ́n fi gbé orúkọ burúkú kiri, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n dá lẹ́bi.

Ọlọ́pàá nìyẹn. Ẹ̀yin ará àdúgbò ńkọ́? Ní oṣù kejì 2014, òfin ò tíì pé oṣù méjì, àwọn èèyàn kóra wọn jọ lóru ní Gishiri, ní Àbújá. Wọ́n fa àwọn ọ̀dọ́kùnrin bíi 14 jáde nílé, wọ́n fi igi tí wọ́n kan ìṣó mọ́ lù wọ́n, wọ́n ní àwọn ń fọ àdúgbò mọ́ ni. Kò sí ìyàwó níbẹ̀, kò sí ọkọ, kò sí òrùka.

Àwọn ọmọ wa tó ń lo fóònù sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kito. Ẹnìkan á díbọ́n lórí fóònù bí ọ̀rẹ́, á ní kí ọmọkùnrin kan wá kí òun. Bó bá débẹ̀, àwọn mẹ́rin-márùn-ún á jáde láti yàrá kejì. Wọ́n á bọ́ ọ sí ìhòòhò, wọ́n á fi fóònù ya fídíò rẹ̀, wọ́n á ní kó fi owó ránṣẹ́ bí kò bá fẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí i. Olè ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n jà lólè ò lè ké sí ọlọ́pàá, nítorí ó mọ̀ pé òun ni wọ́n á kọ́kọ́ tì mọ́lé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí la fẹ́ pe gbogbo èyí? Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti jáde kúrò nínú rẹ̀ tipẹ́. Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́. Bí o bá ti ní "èmi ò fẹ́," tó o sì ti sọ ọ́ tán, kí lo wá fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹni yẹn? Ṣé kó máa lọ sílé rẹ̀ ní àlàáfíà ni, àbí kó jìyà? Ibẹ̀ ni mo ti ń wo ìkórìíra. Ọ̀pọ̀ nínú wa á sọ pé, "Èmi ò kórìíra ẹnikẹ́ni o," á sì tún fi fídíò kito ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ àdúgbò. Ẹnu kọ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Àwọn olórí ẹ̀sìn wa náà ní ẹjọ́ láti rò. Ní 1998, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà gbogbo ayé ṣèpàdé Lambeth ní Canterbury. Ìpinnu tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lẹ́sẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ kìíní: àwọn ò gbà á, ó lòdì sí Ìwé Mímọ́, àwọn ò sì ní súre fún irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ kejì: kí ìjọ ṣàánú gbogbo èèyàn, kí wọ́n tẹ́tí sí wọn, kí wọ́n sì bẹnu àtẹ́ lu bíbẹ̀rù wọn láìnídìí. Ìpàdé yẹn kan náà ni Bíṣọ́ọ̀bù Emmanuel Chukwuma ti Enugu ti fẹ́ gbé ọwọ́ lé Richard Kirker, ẹni tó ń jà fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ, lórí níta gbọ̀ngàn, kó lé ẹ̀mí burúkú jáde lára rẹ̀, níṣojú àwọn oníròyìn. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ kìíní la ń gbọ́ nílé. Ó ti tó ìgbà mélòó tẹ́ ẹ gbọ́ ẹsẹ̀ kejì lórí pẹpẹ?

Àwọn Kátólíìkì náà rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní 2023, Póòpù Francis sọ fún oníròyìn pé kí ọkùnrin máa fẹ́ ọkùnrin kì í ṣe ọ̀ràn tí ìjọba ń torí ẹ̀ múni. Bí ẹnìkan bá ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, ká mọ ìyàtọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ sí ọ̀ràn. Nígbà tí Róòmù wá ní àwọn àlùfáà lè súre fún irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà fèsì ní oṣù kìíní 2024 nípasẹ̀ Kádínà Ambongo ti Kinshasa. Wọ́n ní ní tàwọn, rárá. Wọ́n kọ̀ ọ́ pátápátá. Nínú lẹ́tà yẹn kan náà, wọ́n ní kí a má ṣe tẹ iyì ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ́lẹ̀. Ẹ rí i pé ó ṣeé ṣe. Èèyàn wa ló ṣe é, nílẹ̀ wa níbí.

Mo fẹ́ bá ọmọ tó wà ní Ítálì náà sọ̀rọ̀, bóyá wọ́n á gba ohùn mi sílẹ̀ fún un. Ìwọ ọmọ, bí o bá pe ìyá rẹ tó wà ní Uselu ní Bìní níbí ní oníkòórìíra nítorí ó ní òun ò ní wá síbi irú ìyàwó bẹ́ẹ̀, tó o tún pe àwọn tó gbé igi ìṣó ní Gishiri ní oníkòórìíra, orúkọ kan náà lo fi pe àwọn méjèèjì. Àwọn onígi ìṣó ló máa jèrè nínú ìyẹn. Wọ́n á sá sábẹ́ ìró ìyá rẹ, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ rí i, gbogbo wa la rí bákan náà."

Àwọn kan nínú yín ti kọ̀wé sí wa kí n tó wá. Màmá kan béèrè pé bí ọmọ òun bá sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lòun ńkọ́, ṣé òfin ò ní mú òun bí òun bá fi í sílé? Mo dá màmá lóhùn pé mo wo òfin 2014 yẹn, kò sí ibi tó ti ní kí òbí fi ọmọ rẹ̀ sùn, kò sì sí ibi tó ti ní kí wọ́n lé e síta. Ẹ lè má gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ lè sọ fún un lójúkojú pé ẹ ò gbà. Ṣùgbọ́n kódà bẹ́ ẹ bá ń pè é ní ọmọ burúkú, a kì í lé ọmọ burúkú fún ẹkùn pajẹ, ẹ sì ti gbọ́ irú ẹkùn tó wà níta.

Ẹlòmíì ní wọ́n ti ń pe àbúrò òun lórí fóònù fún owó kito, pé kí làwọn lè ṣe. Ẹ má san án. Bẹ́ ẹ bá san èyí, wọ́n á tún pè. Ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ halẹ̀ mọ́ èèyàn láti gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ ti rú òfin, irú ẹni yòówù kí ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ jẹ́. Ẹ pa gbogbo ohùn àti àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ mọ́, ẹ wá agbẹjọ́rò kẹ́ ẹ tó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí àbúrò yín má sì dá nìkan lọ síbẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n bá a lọ, tàbí bàbá fúnra rẹ̀, bó bá lè gbà.